Rédíò Onífáàfù Àtijọ́: Ti Jámánì, Ti Amẹ́ríkà, Ti Gẹ̀ẹ́sì àbí Oníbátìrì?

Àpótí ló máa ń kọ́kọ́ fa ojú ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó rédíò onífáàfù jọ, ìyẹn rédíò àtijọ́ tó ń lo fáàfù, ìgò dígí tó ń gbóná, dípò trànsísítọ̀: igi tó ń dán, bọ́tìnì aláwọ̀ eyín erin, dígí tí wọ́n kọ orúkọ Paris àti Moscow sí. Àmọ́ inú rẹ̀ ló máa sọ bóyá rédíò náà á sọ̀rọ̀, bóyá ibùdó kankan ṣì wà tó lè gbọ́, àti bóyá iná á gbé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, ẹ̀yìn la ti máa wò ó. Ìfiwéra yìí wà fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jó léèdì, tó ní mítà tó lè ka 600V, ṣùgbọ́n tí kò tíì tún rédíò onífáàfù kankan ṣe rí.

Ohun tí a fi wọ̀n wọ́n

Iná ni àkọ́kọ́. Àwọn rédíò kan ní tírànsífọ́mà iná tiwọn: iná ìlú wọ apá kan, apá kejì ló ń bọ́ fáàfù, ṣáàsí (àwo irin tí àwọn páàtì jókòó lé) kò sì kan iná ìlú rárá. Àwọn yòókù kò ní in. Kí wọ́n lè fúyẹ́ kí wọ́n sì dínwó, wọ́n so ọ̀kan nínú wáyà iná méjèèjì mọ́ ṣáàsí. Tí pulọ́ọ̀gì bá wọlé lódì, tàbí tí oníṣẹ́ iná bá ti fi láìfù sí ibi niútírà nínú ògiri, gbogbo irin ara rédíò di iná, títí kan ọ̀pá tí bọ́tìnì jókòó lé. 120V ti tó pa èèyàn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ 230V.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ lára fáàfù tí wọ́n ṣe ní Europe á ti sọ irú èyí tó jẹ́ fún yín kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. E (ECH81, EL84) jẹ́ 6.3V, tírànsífọ́mà ló sábà máa ń bọ́ ọ. U (UCH42, UL41) jẹ́ onílà kan: wọ́n to gbogbo fáàfù tẹ̀ léra sórí ìlà iná kan tí 100 mA ń gbà kọjá, kò sí tírànsífọ́mà. D (DK91, DAF91) jẹ́ ti bátìrì. Ẹ tún fi mítà jẹ́rìí sí i: nígbà tí rédíò kò sí nínú iná, tí ẹ sì ti yí bọ́tìnì sí ìtanná, kò gbọ́dọ̀ sí ọ̀nà láti ẹsẹ̀ pulọ́ọ̀gì kankan lọ sí ṣáàsí. Àwọn rédíò kan wà tí fáàfù wọn jẹ́ E, síbẹ̀ tí tírànsífọ́mà wọn kò ya iná sọ́tọ̀; mítà nìkan ló lè tú wọn fó.

Lẹ́yìn iná, ẹ wo ohun tó kù lórí afẹ́fẹ́ níbi tí ẹ ń gbé. Ní Èkó àti Ìbàdàn, FM ni gbogbo ayé ń gbọ́. Rédíò tó mọ AM nìkan á máa gbé ariwo gílóòbù LED àti ṣájà fóònù wá ju ohùn èèyàn lọ. Ní Amẹ́ríkà, AM ṣì ń ṣiṣẹ́ láti 540 dé 1700 kHz. Ní Ìlú Ọba, wọ́n ti ń pa àwọn ibùdó AM díẹ̀díẹ̀.

Ti páàtì, fáàfù kọ́ ló ń bàjẹ́ jù. Kapásítọ̀ onípépà, èyí tí wọ́n fi ìda tàbí ọ̀dà bò, ni ọ̀tá yín. Gbogbo irú rédíò tó wà nísàlẹ̀ yìí ló ní in, ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ nínú gbogbo wọn. Ohun tó mú wọn yàtọ̀ ni páàtì tí kò ní àrọ́pò: dígí ojú rédíò, tírànsífọ́mà, àti àwọn fáàfù kan tí wọn kò ṣe mọ́.

Owó ló kẹ́yìn. Iye tí wọ́n bá pe rédíò kì í ṣe gbogbo ìnáwó. Owó bàálù lórí igi àti dígí tó wúwo tó 12 kg lè ju owó rédíò fúnra rẹ̀ lọ.

Rédíò Jámánì tó ní FM, bíi 1952 sí 1962

Tí a bá ní kí ẹni tó wà ní Nàìjíríà mú ọ̀kan ṣoṣo, èyí ni.

Lẹ́yìn ogun, àdéhùn Copenhagen ti 1948, tí wọ́n fi pín ìgbì rédíò ní Europe, kò fi ìgbì AM púpọ̀ sílẹ̀ fún Jámánì, ni wọ́n bá yára kọ́ ibùdó FM láti 1949. BBC kò bẹ̀rẹ̀ FM tirẹ̀ fún aráàlú títí di 1955. Ìyẹn ló fà á tí Grundig, Telefunken, Saba, Nordmende tàbí Blaupunkt ti 1954 fi ní FM, tí ọ̀pọ̀ rédíò orí tábìlì láti ibòmíràn nígbà yẹn kò sì ní in. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń yí iná láti 110 lọ sí 220 tàbí 240V. Ẹ wo ibẹ̀ kí ẹ tó ki pulọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́. Tó bá wà lórí 110, fíúsì ló máa lọ. Tí ẹnì kan bá sì ti fi wáyà lásán rọ́pò fíúsì, tírànsífọ́mà ló máa lọ.

Fáàfù rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ECC85, ECH81, EF89, EABC80 àti EL84, pẹ̀lú EM80 tàbí EM84 tó jẹ́ ojú aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú bí ibùdó bá ti bọ́ sójú rẹ̀. Wọ́n ṣì ń ṣe EL84 lónìí torí àwọn onígìtá. Àwọn yòókù pọ̀ lọ́jà àtijọ́. Ojú aláwọ̀ ewé náà nìkan ló máa ń ṣókùnkùn bó bá ti ṣiṣẹ́ pẹ́. Tó bá ti ṣókùnkùn, kò sí oògùn rẹ̀ ju ká pààrọ̀ rẹ̀ lọ, rédíò á sì máa sọ̀rọ̀ láìsí i.

Ibi tí ìjákulẹ̀ wà ni òpin FM rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró sí 100 MHz, àwọn mìíràn sí 104. Ní Ìbàdàn, èyí tó dúró sí 100 á gbọ́ Premier FM 93.5 àti Amuludun 99.1, kò ní gbọ́ Splash 105.5. Ní Èkó, á gbọ́ Bond FM 92.9, ṣùgbọ́n Faaji 106.5 àti Radio Lagos 107.5 kò ní sí níbẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya dígí ojú rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ lè ka nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn. Wọ́n lè sún ìlà náà sókè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tó ti tún mẹ́ta mẹ́rin ṣe ni. Ẹ má fi screwdriver yí ohunkóhun nínú àwọn àpótí irin kéékèèké orí ṣáàsí. Òkúta dúdú inú wọn máa ń fọ́, rédíò tó ń sọ̀rọ̀ á sì di adití.

Bọ́tìnì kan tún wà lójú rẹ̀ tí wọ́n kọ TA sí. Ti ẹ̀rọ àwo-orin ni, ẹ sì lè fi fóònù síbẹ̀: ẹ fi rẹsísítọ̀ 1kΩ kan sórí ohùn òsì, òmíràn sórí ohùn ọ̀tún, ẹ so ìparí wọn pọ̀ wọ ihò TA. Ẹ má dán èyí wò láéláé lára rédíò tí ṣáàsí rẹ̀ so mọ́ iná ìlú; fóònù ọwọ́ yín ló máa gba iná náà.

Nínú iṣẹ́ àtúnṣe, kapásítọ̀ kan ṣe pàtàkì ju gbogbo yòókù lọ: èyí tó gbé ohùn láti EABC80 lọ sí EL84, tó sábà máa ń wà láàárín 0.01 àti 0.022 µF. Ní ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, iná bíi 60 sí 100V wà. Ẹ̀gbẹ́ kejì gbọ́dọ̀ wà ní òfo. Pépà inú rẹ̀ ti fa omi mu láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, iná sì ń jò kọjá. EL84 á máa mu iná ju bó ti yẹ, inú rẹ̀ á pọ́n, ohùn á máa há, lẹ́yìn náà tírànsífọ́mà sípíkà á jó. Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ yọ EL84, ẹ tan rédíò, ẹ fi mítà sí ihò ẹsẹ̀ 2 rẹ̀ àti ṣáàsí. 0V tàbí òdì díẹ̀ ló yẹ kó hàn. Tó bá jẹ́ 1V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pa á. Ti 630V onírọ́bà ni kí ẹ fi sí i, iye µF kan náà. Àwọn kan máa ń fi í sílẹ̀ torí pé "ó ṣì ń sọ̀rọ̀". Páàtì tí kò tó nǹkan lójú ọjà ló ń pa tírànsífọ́mà tí kò sí lọ́jà.

Lẹ́yìn èyí ni ti àyíká iná. Àwo onísẹlẹ́níọ̀mù tó ń sọ AC di DC (wọ́n máa ń kọ B250C75 sí i lára) máa ń rẹ̀, tó bá sì jó, òórùn rẹ̀ burú, ó sì léwu. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má tẹ imú bọ̀ ọ́. Díódì 1N4007 mẹ́rin ló ń rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ iná bíi tirẹ̀, nítorí náà ẹ fi rẹsísítọ̀ 100 sí 220Ω, 5W, tẹ̀ lé wọn títí iná á fi bá èyí tí wọ́n kọ sínú àwòrán rédíò náà (ìwé tó ń fi hàn bí wọ́n ṣe so àwọn páàtì) mu. Tó bá jẹ́ fáàfù EZ80 ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kapásítọ̀ tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e kò gbọ́dọ̀ ju 50 µF lọ. Ẹni tó bá fi 100 sí i pé "kó lè dáa sí i" ń pa fáàfù náà ni. Kapásítọ̀ kékeré tó so wáyà iná mọ́ ṣáàsí, ẹ gé e dànù tàbí kí ẹ fi irú Y2, èyí tí wọ́n ṣe fún irú ibi bẹ́ẹ̀, rọ́pò rẹ̀.

Ìtanná àkọ́kọ́, ẹ gbà á gba inú gílóòbù 100W tó ní wáyà nínú, kì í ṣe LED. Ó yẹ kó tàn yòò díẹ̀ kó sì rẹlẹ̀. Tó bá dúró yòò, nǹkan ti kan ara wọn nínú rédíò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi mítà wọn ẹsẹ̀ méjèèjì pulọ́ọ̀gì: tó bá wà lórí 220V tí ẹ sì ti tẹ bọ́tìnì ìtanná, 20 sí 60Ω ló sábà máa ń hàn. Tí kò bá sí ohun tó hàn, ó lè jẹ́ fíúsì, ó sì lè jẹ́ tírànsífọ́mà. Ẹ mọ èyí tó jẹ́ kí owó tó kúrò lápò.

Ojú ọjọ́ wa kì í ṣàánú igi rẹ̀. Gúlúù inú rẹ̀ ń yọ́ nígbà òjò, awọ igi á máa ṣí, ikán fẹ́ràn pákó ẹ̀yìn, aáyán sì ń jẹ pépà sípíkà. Rédíò tó ti jókòó sí Èkó láti ọjọ́ pípẹ́ àti èyí tó ti inú àjà gbígbẹ ní Jámánì wá, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́.

Rédíò Amẹ́ríkà onífáàfù márùn-ún

Èyí ni wọ́n ń pè ní All American Five. Àwọn èyí tó dàgbà ń lo 12SA7, 12SK7, 12SQ7, 50L6 àti 35Z5. Àwọn àbúrò wọn ń lo 12BE6, 12BA6, 12AV6, 50C5 àti 35W4. Ẹ ṣe ìṣirò nọ́ńbà iwájú wọn: 12, 12, 12, 50, 35. Ó tó 121, iná ilé Amẹ́ríkà gan-an, nítorí náà wọ́n to gbogbo wọn sórí ìlà kan, wọn ò sì fi tírànsífọ́mà sí i. Òun ló dínwó jù, òun ló rọrùn láti lóye jù, iṣẹ́ kapásítọ̀ rẹ̀ kò sì lè gba ju ọjọ́ kan lọ.

Tí ọ̀kan bá jó, gbogbo wọn á kú. Ní ti àwọn àbúrò yẹn (12BE6 sí 35W4), ẹ yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn ẹsẹ̀ 3 àti 4; èyí tí kò bá ní ọ̀nà ló jó. Iná kékeré ojú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́: ó pín iná gbà pẹ̀lú apá kan nínú 35W4 tàbí 35Z5. Tó bá jó tí ẹ fi í sílẹ̀, gbogbo ẹrù á bọ́ sórí fáàfù yẹn, òun náà á sì jó láìpẹ́. Gílóòbù No. 47 ni wọ́n sábà ń fi síbẹ̀.

Fún ẹni tó wà ní Houston tàbí Chicago, kò sí ohun tó dára jù ú lọ láti fi kọ́ṣẹ́, bó bá ti ra tírànsífọ́mà tó ń ya iná sọ́tọ̀ tí á máa fi ṣiṣẹ́. Fún ẹni tó wà ní Nàìjíríà, ìṣòro rẹ̀ pé méjì: AM nìkan ló ní, ó sì nílò step-down. Ọ̀pọ̀ step-down tí wọ́n ń tà lọ́jà dín iná kù ni, wọn kò yà á sọ́tọ̀. Ẹ yọ ọ́ nínú iná, ẹ wọn láti ẹsẹ̀ ibi tí iná ti ń wọlé lọ sí ibi tó ti ń jáde. Bí ọ̀nà bá wà, ṣáàsí rédíò yín ṣì so mọ́ iná ìlú.

Tí ẹnikẹ́ni bá ń pè yín síbi Fada aláwọ̀ mèremère, irú Fada 1000 ti 1946 tí àpótí rẹ̀ jẹ́ Catalin (irú rọ́bà líle kan), ẹ wò ó kí ẹ sì máa lọ. Inú rẹ̀ kò ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò wọ́n lọ. Àpótí ni wọ́n ń ta, ooru fáàfù sì lè là á.

Rédíò Gẹ̀ẹ́sì onírọ́bà dúdú

Bush DAC90A ti 1950 ni àpẹẹrẹ rẹ̀: bakelite dúdú tàbí aláwọ̀ ilẹ̀, kékeré, ó rẹwà, ó sì pọ̀ ní Ìlú Ọba débi pé páàtì rẹ̀ kò wọ́n. Long wave àti medium wave nìkan ló ní, AM ni méjèèjì. Fáàfù rẹ̀ ni UCH42, UF41, UBC41, UL41 àti UY41, ìlà kan ṣoṣo. Gbogbo wọn pọ̀ gba nǹkan bíi 117V; ìyókù nínú 240V, bíi 12W, ń di ooru nínú rẹsísítọ̀ gígùn kan tó wà nínú àpótí. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí wáyà tí rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ tó sì ń já wọ́ọ́wọ́ọ́. Ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn.

UL41 ní àrùn tirẹ̀: iná máa ń jò láti ẹsẹ̀ kan sí òmíràn nínú fáàfù náà, àmì tó sì ń fi hàn jọ ti kapásítọ̀ tó bàjẹ́ gẹ́lẹ́. Tí ẹ bá ti fi kapásítọ̀ tuntun sí i tí ohùn ṣì ń há lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fáàfù ni.

Ìṣòro ńlá rẹ̀ ni ṣáàsí tó so mọ́ iná 240V. Bọ́tìnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé, pákó ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wà, ìda sì gbọ́dọ̀ wà lórí skúrúù kéékèèké tó di bọ́tìnì mú. Nínú ilé tí ọmọdé wà, a ò ní kí ẹ tàn án. Ekco AD65 ti 1934, èyí tó rí roboto tí Wells Coates yàwòrán rẹ̀, wà fún ẹni tó ń kó iṣẹ́ ọnà jọ. Owó rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

Oníbátìrì

Kò kan iná ìlú rárá, ìyẹn sì ni àǹfààní rẹ̀. Ní 1949, Ever Ready bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀kan fún Northern Rhodesia, tó di Zambia lónìí, tí wọ́n sọ ní Saucepan Special: £5 ni rédíò, bátìrì £1 àti ṣílè márùn-ún, bátìrì náà sì ń lò tó 300 wákàtí. Ẹni tó bá ní ọ̀kan lónìí kì í tà á lówó pọ́ọ́kú. Àwọn tó wọ́pọ̀ ni àwọn tó ń lo DK91, DF91, DAF91 àti DL92.

Bátìrì 90V tí wọ́n ń lò kò sí mọ́, ṣùgbọ́n 9V mẹ́wàá tí ẹ bá so tẹ̀ léra ń ṣe é. Fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń mu bíi 250 mA láti inú bátìrì 1.5V; bátìrì D méjì tí ẹ so ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn dára ju ọ̀kan lọ. Tí 90V bá fi àṣìṣe kan ìlà 1.5V, gbogbo fáàfù á jó pọ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Nítorí náà, ẹ yọ gbogbo wọn kí ẹ tó so bátìrì, ẹ wọn ihò 1 àti 7 ti DF91: 1.5V ni, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. 90V náà tún ń gbé èèyàn, ẹ má fojú di í.

Kò ní FM. Àwọn tó ní shortwave ṣì lè gbọ́ ibùdó òkèèrè lálẹ́, pàápàá nígbà tí kò sí iná ní àdúgbò tí ariwo ṣájà àti ẹ̀rọ inverter ti dákẹ́. Zenith Trans-Oceanic, tó lè lo iná ìlú náà yàtọ̀ sí bátìrì, dára púpọ̀ fún èyí, àmọ́ fáàfù 1L6 rẹ̀ ti di ọ̀wọ́n. Tí èyí tó wà nínú rẹ̀ bá ti kú, ẹ dín owó tí ẹ fẹ́ san kù gidigidi.

Àwọn méjì tí wọ́n máa fẹ́ tà fún yín

Radiogram ti àwọn bàbá wa: rédíò Jámánì tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹ̀rọ àwo-orin ló lé sí i àti ẹsẹ̀ mẹ́rin. Iṣẹ́ rẹ̀ di méjì, ó sì gba ẹni méjì láti gbé. Tó bá jẹ́ ti ìdílé yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ di ìkejì tàbí ìkẹta. Àpótí Rediffusion, irú èyí tí wáyà ń gbé ohùn wá sínú rẹ̀ ní Èkó láti 1935, kò ní fáàfù nínú. Sípíkà ni àti ibi tí wọ́n ti ń yí ohùn rẹ̀. Ohun ìrántí tó dára ni, kì í ṣe rédíò tí ẹ lè tún ṣe.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tó wà ní Nàìjíríà, Benin tàbí Togo, tó fẹ́ rédíò tó máa sọ̀rọ̀ ní pálọ̀: ti Jámánì, fáàfù E, FM tó lọ dé 104 tó bá ṣeé rí, kó sì fi sítébíláísà sí ìdí rẹ̀. Kó wá èyí tí àwòrán rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ inú pákó ẹ̀yìn tàbí tó ṣeé rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Grundig àti Saba kì í ṣòro.

Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà tí owó rẹ̀ kò pọ̀: onífáàfù márùn-ún, irú èyí tó ń lo 12BE6 sí 35W4. Kó ra tírànsífọ́mà tó ń ya iná sọ́tọ̀ kó tó ra rédíò.

Ẹni tó wà ní Ìlú Ọba: ti Jámánì náà ni, torí FM ibẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. DAC90A dára fún ìkejì, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ra.

Ẹni tí iná ń bà lẹ́rù, tàbí tó fẹ́ kọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá níṣẹ́: oníbátìrì, kí àgbàlagbà sì máa so 90V fúnra rẹ̀.

Ẹni tó kàn fẹ́ kí rédíò jókòó lórí ṣẹ́ẹ̀fù kí àlejò máa wò ó: bakelite èyíkéyìí tó bá wù ú. Kó gé wáyà iná rẹ̀ kúrò kó tó gbé e síbẹ̀, kí àlejò kan má baà ràn án lọ́wọ́ láti tàn án.